Kí mílíìkì màlúù má baà gbé májèlé ìbu: ìtọ́sọ́nà fún ọlọ́sìn, oníwàrà àti ẹni tó ń rà á

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí mílíìkì tí òun ń tà, tàbí èyí tí àwọn ọmọ òun ń mu, bọ́ lọ́wọ́ májèlé ìbu, èyí tó ń wá láti ara oúnjẹ tó bá bu, kó kọ́kọ́ gbé ojú kúrò lára ìkòkò tó fi ń se mílíìkì, kó gbé e lọ sí ibi tí àpò oúnjẹ màlúù wà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé a gbà pé sísè ni oògùn gbogbo ohun tó bá wà nínú mílíìkì. Òótọ́ ni pé sísè ń pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí mu mílíìkì láì sè é. Ṣùgbọ́n májèlé tí ìbu ń ṣe kò ní ẹ̀mí tí iná lè gbà. Ó dìgbà tí iná bá gbóná kọjá 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í túká, bẹ́ẹ̀ 100 ni omi ti ń hó. Ohun tó bá ti wọ inú mílíìkì láti ara màlúù, ibẹ̀ ló máa wà títí tí a fi máa mu ún.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ẹ jẹ́ kí n ya orúkọ méjì sọ́tọ̀. Lẹ́nu wa, wàrà ni omi tí a fún lọ́mú màlúù, wàrà náà sì ni èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi bọmubọmu dì, tí wọ́n ń gbé kiri nínú abọ́ ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ìlọrin. Nínú ìwé yìí, mílíìkì ni mo máa pe omi, wàrà ni mo máa pe èyí tó dì, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò rí bákan náà, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Bí májèlé ṣe ń ti inú àpò dé inú ife

Ìbu ni ohun tó máa ń hù bí òwú tàbí bí lẹ́búlẹ́bú lára oúnjẹ tí ọ̀rinrin bá mú. Irú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló kàn wá jù níhìn-ín, Aspergillus flavus àti Aspergillus parasiticus. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ooru, wọ́n sì lè ti oko mú àgbàdo, ẹ̀pà àti èso òwú kí a tó kó wọn wálé rárá. Májèlé tí wọ́n ń ṣe ni a ń pè ní aflatoxin. Ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn sójútáyé, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn olùwádìí sì tọpa ikú náà títí dé ìdí ìṣẹ́kù ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Brazil láti fi po oúnjẹ ẹyẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ó ti jẹ́ pé inú oúnjẹ ẹran ni a ti mọ ọ̀tá yìí.

Èyí tó le jù nínú aflatoxin ni wọ́n sọ ní B1. Bí màlúù bá jẹ B1 mọ́ oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sọ apá kan di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní M1, M yẹn sì dúró fún mílíìkì, nítorí inú mílíìkì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Kò ju wákàtí 12 sí 24 lọ lẹ́yìn tí ẹran ti jẹun kí M1 tó yọjú. Lára màlúù tí kì í mú mílíìkì púpọ̀ wá, nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 B1 tó jẹ ló ń bọ́ sínú mílíìkì. Lára àwọn màlúù òyìnbó tó ń mú mílíìkì wá bí ẹni fa omi, ó lè tó ìdá 6.

Ìdá 1 nínú 100 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹ fún màlúù kan ní kílò 2 oúnjẹ, tí máíkírógíráàmù 50 B1 sì wà nínú kílò kọ̀ọ̀kan. Máíkírógíráàmù kan ni gíráàmù kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Màlúù yẹn ti jẹ 100. Bí ìdá 1 péré nínú 100 bá kọjá sínú mílíìkì, máíkírógíráàmù 1 nìyẹn, bí ẹran náà bá sì ń mú lítà 2 wá lóòjọ́, lítà kọ̀ọ̀kan á gbé 0.5. Iye yẹn gan-an ni òpin tí Codex, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbáyé tí FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) gbé kalẹ̀ lórí òfin oúnjẹ, fọwọ́ sí, òun náà ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, 0.05 ni òpin, tó túmọ̀ sí pé mílíìkì yìí ti fi ìlọ́po mẹ́wàá kọjá ààlà lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo èyí láti inú kílò 2 oúnjẹ, mílíìkì náà á sì funfun báláú, kò ní yí òórùn, kò ní yí adùn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òpin méjèèjì yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Lọ́dún 2012, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ilẹ̀ Serbia, àgbàdo tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì ti pọ́n lójú lóko kì í lágbára láti kọ ìbu. Wọ́n fi àgbàdo náà bọ́ màlúù. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, àyẹ̀wò ti ń fi hàn pé mílíìkì tí aráàlú ń rà kọjá 0.05, ìjọba ibẹ̀ sì gbé òpin náà sókè sí 0.5. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, àgbàdo tó ti Serbia wá ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oko ní Lower Saxony ní ilẹ̀ Jámánì kí wọ́n tó fura. N kò ní sọ pé ìjọba Serbia hùmọ̀ nọ́ńbà tuntun yẹn, torí òun ni Codex ń lò. Ṣùgbọ́n a yí iye orí ìwé padà, ohun tó wà nínú ife ọmọ kò yí padà.

Ní ti ìpalára, kí a má sọ ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, tó fi Lyon ní ilẹ̀ Faransé ṣe ibùjókòó, ti ka aflatoxin mọ́ ìsọ̀rí kìíní, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn sí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni tirẹ̀. M1 kò lágbára tó B1: nínú àyẹ̀wò lára ẹranko, agbára rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mílíìkì kì í sì í pani lọ́sàn-án kan òru kan bí àgbàdo bíbu ṣe pa ènìyàn 125 nínú 317 tó ṣàìsàn ní ilẹ̀ Kenya lọ́dún 2004. Ti mílíìkì ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó sì mú kó já wa láyà ni pé ọmọdé ló ń mu mílíìkì jù, ara rẹ̀ kéré, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́. Ẹni tó bá ní àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lára, ewu aflatoxin máa ń di ìlọ́po lọ́nà tó pọ̀ fún un, ìdí sì nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń fún ọmọ ní ọjọ́ tí a bí i fi jẹ́ ara ọ̀rọ̀ mílíìkì, bó tilẹ̀ dà bíi pé wọn kò tan mọ́ra.

Ríra àti yíyẹ oúnjẹ màlúù wò

Màlúù tó ń jẹ koríko tútù ní àkókò òjò kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, tí olówó ẹran bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra dúsà (èèpo ọkà tí wọ́n ti lọ̀), èérí àgbàdo, èso òwú, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìṣẹ́kù ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ìṣẹ́kù ẹ̀pà ni mo máa ń fura sí jù, fún ìdí méjì. Èkíní ni pé ẹ̀pà tí wọ́n bá ṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó hunjọ, tó dúdú, tó ti bu, òun gan-an ni wọ́n sábà máa ń kó lọ fún òróró, kò ṣeé gbé sí ojú àtẹ. Èkejì ni pé bí wọ́n bá ti fún un tán, díẹ̀ ni májèlé tó ń bá òróró lọ; inú ìṣẹ́kù ni èyí tó pọ̀ jù ń dúró sí. Ẹni tó bá fi kúlíkúlí olówó pọ́ọ́kú bọ́ màlúù abọ́mọ ń ra ohun tí ẹlòmíràn ti kọ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran, ẹ má wo ẹnu àpò nìkan, nítorí pé èyí tó dára ni wọ́n ń kó sókè. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgbúnwọ́. Bí àárín bá gbóná ju ẹnu lọ, ọ̀rinrin ti wà níbẹ̀, ìbu sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí lára àpò dúsà kan tí olówó rẹ̀ ń yìn. Ọwọ́ mi bá ooru pàdé bí ìgbà tí a ti ọwọ́ bọ abẹ́ adìyẹ tó ń sàba, nígbà tí mo sì fà á yọ, èyí tó ti dì bí ògúlùtu bá a jáde, mo fi àtàǹpàkò fọ́ ọ, eruku aláwọ̀ ewé rú túú. Olówó ọjà ní kí n sá a sóòrùn, pé á dára. Oòrùn á gbẹ ẹ lóòótọ́, ìbu tuntun kò sì ní hù, àmọ́ májèlé tó ti ṣe sílẹ̀ kò ní bá omi lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀, kí ẹ má baà gbọ́kàn lé ojú àti imú jù. Oúnjẹ tí ẹ kò rí ìbu kankan lára rẹ̀ lè gbé aflatoxin, pàápàá bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n bá ti gbọn ìbu rẹ̀ dànù. Nítorí náà, bó bá ṣeé ṣe, ẹ máa ra àgbàdo àti ẹ̀pà ní odindi, kí ẹ ṣà á fúnra yín, kí ẹ tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ mú gbogbo èyí tó hunjọ, tó fọ́, tí kòkòrò ti jẹ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kúrò. Inú àwọn ìwọ̀nba yẹn ni ọ̀pọ̀ májèlé inú àpò máa ń kó sí. Iṣẹ́ tó gba àkókò ni, kò sì wu àwọn ọmọ láti ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kéré tó o.

Gbígbẹ àti títọ́jú

Àgbàdo tí a fẹ́ fi pamọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ débi tí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju ìdá 13 nínú 100 lọ, ti ẹ̀pà sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ sí bí 7 tàbí 8. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi lè lo iyọ̀. Ẹ wá ìgò onídèérí kan tó gbẹ dáadáa, irú èyí tí ẹ lè rí inú rẹ̀ láti ìta, kí ẹ sì sá iyọ̀ sóòrùn títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Ẹ da àgbàdo sínú ìgò náà kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu ṣíbí ńlá 2 tàbí 3 iyọ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò nínú, omi àgbàdo náà ju 15 nínú 100 lọ, ẹ dá a padà sóòrùn. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti wà ní 15 tàbí kó kéré sí i. Èmi a ṣì máa sá a fún ọjọ́ kan sí i kí n tó dì í, nítorí pé 13 ni mo ń wá.

Orí tapólì ni kí ẹ ti sá a, kò dára kó kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí inú erùpẹ̀ ni ìbu yìí ń gbé. Nínú ilé ìkóǹkansí, ẹ to àpò sórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri tó ìwọ̀n tí èèyàn lè fi gbálẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí òrùlé má sì jò. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ dára púpọ̀, ó ń fún kòkòrò pa, bí ohun tí a dì sínú rẹ̀ bá sáà ti gbẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró ní òkìtì mọ́jú: ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bó o.

Ẹni tó ń gbin àgbàdo tàbí ẹ̀pà tirẹ̀ fún ẹran ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń rà kò ní. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe. Ọkà bàbà ni, tí wọ́n fi Aspergillus flavus tí kò lè ṣe májèlé bò. Kílò 10 ni a ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ìbu tí kò ní oró yìí á gba ilẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ olóró lọ́wọ́, á sì bá irè oko dé inú aká. Ọgbọ́n náà wù mí: ibùsùn kan kò gba méjì.

Bí ẹran bá ti jẹ ẹ́

Àṣà kan wà nínú ilé wa tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí búrẹ́dì bá bu, bí àgbàdo bá bu, ohun tí a máa sọ ni pé, “Ẹ gbé e fún ẹran.” Bó bá jẹ́ ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ni, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni a fi gbé e padà sórí tábìlì ara wa. Ẹ má sì gbé e fún adìyẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré wà lára ohun ọ̀sìn tí aflatoxin ń tètè pa jù. Ẹ wa kòtò, ẹ sin ín, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń dà á, nítorí eruku rẹ̀. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe po àpò bíbu kan mọ́ mẹ́ta tó dára pẹ̀lú èrò pé á fẹ́lẹ́. Òfin Yúróòpù kà á léèwọ̀, ọgbọ́n orí náà sì kà á léèwọ̀, torí pé màlúù kì í jẹ ìdá dọ́gba nínú àpò: ibi tí ìdì bíbu náà bá bọ́ sí ni yóò jẹ ní ọjọ́ yẹn.

Bí ẹ bá wá rí i pé ẹ ti fún màlúù ní oúnjẹ bíbu, ohun rere kan ń bẹ níbẹ̀: M1 kì í pẹ́ nínú mílíìkì. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ náà kúrò lónìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́la, láàárín ọjọ́ 3 sí 4 kì í sábà ṣẹ́ kù ohun tí àyẹ̀wò lè rí. Ẹ máa fún mílíìkì ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn kí ọmú má baà wú, ṣùgbọ́n kí ẹ dà á nù, ẹ má tà á, ẹ má fi ṣe wàrà. Àwọn kan ń po amọ̀ bentonite mọ́ oúnjẹ kó lè fa májèlé mọ́ra nínú ìfun ẹran. Yúróòpù gbà á láàyè fún màlúù, níwọ̀n tí kò bá ti ju gíráàmù 20 lọ nínú kílò oúnjẹ kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ ẹran ni mo ń wí, kì í ṣe amọ̀ etí odò, kò sì gba ipò àgbàdo tó mọ́.

Fún oníwàrà àti oníbàárà

Ẹ rántí pé mo ya mílíìkì sọ́tọ̀ kúrò lára wàrà. M1 máa ń rọ̀ mọ́ èròjà amáradàgbà inú mílíìkì tí a ń pè ní casein, casein náà sì ni ohun tí bọmubọmu ń mú dì. Nítorí náà, bí omi bá ti ń ro kúrò, ọ̀pọ̀ májèlé á dúró ti ìdì, bí a bá sì wọn ọ́n ní kílò sí kílò, wàrà rírọ̀ lè gbé tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nínú mílíìkì rẹ̀. Dídín kò ràn án. Sísọ ọ́ di nọ́nọ̀ tàbí yógọ́ọ̀tì kò ṣeé gbára lé pẹ̀lú. Èyí tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe máa ń bu oníwàrà pé igbá rẹ̀ kò mọ́, bẹ́ẹ̀ fífọ igbá kò lè dá ohun tí àpò dúsà ẹlẹ́bu ti dá sílẹ̀.

Ohun tí oníbàárà lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹ bi oníwàrà yín léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí àwọn màlúù wọn ń jẹ ní àkókò yìí. Mo ti ṣe é, inú obìnrin tí mo bi dùn láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá ń gba mílíìkì púpọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́ yógọ́ọ̀tì yẹ kó máa fi tẹ̀ẹ́rẹ́ ìwé àyẹ̀wò tó ń tọ́ka M1 yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ títí òjò á fi dé. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà ń sọ B1 di M1 bí màlúù ti ń ṣe. Kó má dá ọmú dúró, kó kàn ṣa ẹ̀pà àti àgbàdo tirẹ̀ dáadáa.

Ọlọ́sìn, ẹ wá ìwé pélébé kan, kí ẹ gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkóǹkansí pẹ̀lú bírò. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tú àpò tuntun, ẹ kọ ọjọ́ náà, ibi tí ẹ ti rà á, àti ohun tí ọwọ́ yín bá nígbà tí ẹ tì í bọ àárín rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá rí M1 nínú mílíìkì ọjọ́ Jímọ̀, ojú ewé tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ó ṣí, àpò tó jẹ̀bi kò ní ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.